Àyè Òfìfo Nínú Fọ́ọ̀mù Owó Orí

Òdòjọmu,
Oǹdó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mojísọ́lá, Àdùkẹ́ mi,

Kí o tó ka ìwé yìí, jókòó. Kì í ṣe pé nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ o. Ara mi le, orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, òjò sì ti fún kòkó wa ní ohun tó ń fẹ́. Mo ní kí o jókòó nítorí pé ìwé náà gùn, mo sì mọ̀ ọ́. Bí o bá fi ìdúró kà á, ibi tí o bá ti sọ pé "Dádì tún ti bẹ̀rẹ̀" ni wàá ti ká a sínú báàgì. Mi ò lè tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Ìka mi kì í tètè rí ibi tí lẹ́tà wà nínú fóònù, ọ̀rọ̀ tí a bá sì fi bírò kọ máa ń pẹ́ nílé ju èyí tí a tẹ̀ lọ.

Ohun tí o bá mi sọ lánàá lẹ́yìn ìsìn ni mi ò lè gbé mì. O ní àwọn tó ń ṣètò owó oṣù níbi iṣẹ́ tuntun rẹ ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, fún ọ ní fọ́ọ̀mù kan, pé kí o kọ gbogbo ohun tí òfin fi lè dín owó orí rẹ kù sínú rẹ̀, kí o sì dá a padà ní ọjọ́ Ẹtì. O ní o ti kọ èyí tó rọrùn. Ó ku ibi tí wọ́n ti béèrè owó ilé tí ò ń san lọ́dún àti rìsíìtì rẹ̀. O ní wàá fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bàbá ìsàmì rẹ ló ni ilé tí ò ń gbé, ojú sì ń tì ọ́ láti béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọ dání níbi omi ìsàmì. Mo ní ó dáa, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò dáa, Mojí. Èmi náà fi àyè sílẹ̀ rí nínú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, mi ò sì tíì sọ fún ọ̀kankan nínú ẹ̀yin ọmọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Tíṣà kékeré ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́, èmi àti ìyá rẹ sì ń gbé yàrá méjì. Òfin owó orí ayé ìgbà yẹn fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bímọ. Bí o bá kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á yọ iye kan sọ́tọ̀ nínú owó rẹ kí wọ́n tó bu owó orí lé èyí tó kù. Owó náà kò tó fi kọ́lé, ṣùgbọ́n tíṣà tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ kì í fi ṣeré.

O mọ ọmọkùnrin tó wà nínú fọ́tò kékeré lórí tábìlì ìyá rẹ. Olúmidé, ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ ò bá. Ọdún tí ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta, àwọn kan wá, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kọ iye ọmọ tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Orí mi wú. Mo gbé Olúmidé sókè, mo ní ọ̀kan rèé, òmíràn ń bọ̀ lọ́nà, kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ìyá mi wò mí, ó gba Olúmidé lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé. Oṣù náà kò tíì parí tí ibà fi dé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò pẹ̀lú ọmọ náà.

Èmi àti ìwọ mọ̀ pé ibà ló pa á, kì í ṣe bírò. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti gbọ́ ọ láti kékeré rẹ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ojú ara rẹ̀ ló sì fi rí i tí a kà á, tó tún fi rí i tí a sin ín. Kò bá mi wí. Ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ka ọmọ fún mi mọ́. Mo ṣèlérí fún un. Ta ni kò ní ṣèlérí lọ́jọ́ náà?

Láti ìgbà náà, bí fọ́ọ̀mù owó orí bá ti dé, tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti béèrè ọmọ, màá kọjá sí ìsàlẹ̀. A bí Táyọ̀, mo fi àyè náà sílẹ̀. A bí Bọ̀dé, mo fi í sílẹ̀. Ìwọ dé, Kẹ́mi tẹ̀lé ọ, òfìfo náà ni. Ohun tó yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èmi yìí kan náà ni mò ń dúró láràárọ̀ níwájú kíláàsì, tí mò ń ka ọmọ ọlọ́mọ nínú rẹ́jísítà, tí mò ń tò wọ́n jọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Nígbà tó bi mí pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ mi tí ipò wa jọ dọ́gba ń mú owó lọ sílé jù mí lọ, mo ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń yọ tèmi. Irọ́ ni. Ó gbà mí gbọ́, ó sì ń fi ìwọ̀nba tí mo mú wálé bọ́ wa.

Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì tó máa ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwa tíṣà. Ìyá Bùnmi là ń pè é, ọmọ Àkúrẹ́, onígbàgbọ́ tó gba nǹkan Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn. Ọdọọdún ló ń rí fọ́ọ̀mù mi: ó fẹ́ ìyàwó, kò sí ọmọ. Àánú mi ṣe é. Kò bi mí, nítorí pé ẹni tó lójú àánú kì í bi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn lọ fi orúkọ èmi àti ìyá rẹ sínú ìwé àdúrà àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, lábẹ́ àwọn tó ń wojú Olúwa fún èso inú.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, òun àti àwọn obìnrin náà wá bẹ̀ wá wò. Wọ́n wé gèlè funfun, Ìyá Bùnmi mú ìgò òróró kékeré dání. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀bà wà ní ọwọ́ rẹ kan, bàtà mi wà ní ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, o ò sì wọ nǹkan mìíràn. Wọ́n bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, o nawọ́ ẹ̀bà sí mi. Kí n tó lè la ẹnu, Bọ̀dé ti jáde, ó ń lé Kẹ́mi tó ń rá, Táyọ̀ tẹ̀lé wọn, ó ń wá ẹni tó mú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ìyá Bùnmi wo ẹ̀yin, ó wo mí, ó wá jókòó sórí àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó jókòó.

Ó ní, "Tíṣà, ulé yín kún. Kí la wá ń gbààwẹ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú fún láti ọdún mẹ́ta?"

Àwọn obìnrin náà ò bínú. Wọ́n yí àdúrà náà padà sí ọpẹ́, wọ́n ta òróró sí yín lórí, wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ìta. Nígbà tó padà wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó bi mí pé kí ni mo kọ sínú ìwé ìjọba nípa òun. Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ìlérí tí mo ṣe fún ìyá mi. Ó gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Èyí tó kú, ikú ló mú un lọ. Àwọn tó wà láàyè, ẹ̀yin lẹ mú wọn lọ."

Mojí, mo ti gbọ́ èébú láyé mi, alága ẹgbẹ́ òbí kan tilẹ̀ ti lé mi yí ilé-ìwé ká rí. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bíi gbólóhùn yẹn.

Mo wọ mọ́tò wá sí Oǹdó níbí láti wá bá ìyá mi. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó dárí jì mí, pé ìlérí náà ti fẹ́ tú ilé mi ká, pé mo fẹ́ kọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Mo ní kí o má kà wọ́n. Ta ló ní kí o má dárúkọ wọn? Ṣebí orúkọ la fi ń ṣàdúrà fún ọmọ. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ tí ìṣẹ́jú kan ì bá ti parí, nítorí pé mi ò béèrè. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Ìbẹ̀rù ni, mo kàn wọ̀ ọ́ láṣọ ọ̀wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èmi àti ìyá rẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì náà, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù. Ó kọ orúkọ nìkan, kò kọ iye. Òṣìṣẹ́ tó jókòó níbẹ̀ wo àyè iye tó ṣófo, ó fi ojú ka orúkọ, ó sì gba fọ́ọ̀mù náà bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ilé tí wọ́n ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti bí òun náà. Orúkọ Olúmidé ni ìyá rẹ kọ sókè pátápátá. Òṣìṣẹ́ náà rọra sọ fún un pé òfin kò gbà fún ẹni tó ti kú. Ìyá rẹ ní òun mọ̀, kí wọ́n fa ìlà sí i bí wọ́n bá fẹ́, òun kàn fẹ́ kí ó wà níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà lo pẹ́ńsù, kò lo bírò.

Wọ́n dín owó orí ọdún yẹn kù fún mi. Ti àwọn ọdún ẹ̀yìn ti lọ, òṣìṣẹ́ náà ní mi ò ní ìwé kankan tí mo lè fi jà fún un. Nínú ìwọ̀nba owó tó kù sí wa lọ́wọ́ ní ọdún náà, ìyá rẹ ra férémù tó wà lára fọ́tò Olúmidé títí dòní. Nítorí náà, nígbà tí o ní wàá fi àyè sílẹ̀, má rò pé owó nìkan ni mò ń rò.

Wàyí o, ìmọ̀ràn. Mo máa gbìyànjú láti tò ó, bí mo bá ṣìnà, o mọ̀ pé àgbà ti ń dé.

Èkíní ni ti bàbá ìsàmì rẹ. Béèrè. Ẹni tó béèrè kì í ṣìnà. Lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kì í jáde lọ́jọ́ náà. Kúnlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí orúnkún kì í kan ilẹ̀. Kọ́kọ́ dúpẹ́ owó ilé tó dín fún ọ. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé òfin yọ̀ǹda kí wọ́n yọ apá kan nínú owó ilé tí èèyàn ń san sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bu owó orí lé owó rẹ̀, pé wọ́n ń béèrè ẹ̀rí. Ra ìwé rìsíìtì kékeré kan dání, kí ó má baà ní òun ò ní. Ó lè jẹ́ pé òun náà ní láti sọ owó ilé tó ń gbà fún àwọn tó ń gba owó orí, kí ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ díẹ̀. Bí ó bá kọ̀, dúpẹ́, má jiyàn, mú ẹ̀rí owó tí o fi ránṣẹ́ sí i láti báǹkì lọ bá àwọn ará ọ́fíìsì rẹ, kí o bi wọ́n bóyá ìyẹn tó.

Ṣùgbọ́n iye tí o san ni kí o kọ. Mo gbọ́ ọ nígbà tí o ń fi ẹ̀rín sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ kan níbi iṣẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ rìsíìtì, pé èèyàn lè kọ iye tó bá wù ú. Mi ò rẹ́rìn-ín. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó fi òfìfo sílẹ̀ pàdánù owó, ẹni tó fi irọ́ kún un pàdánù orúkọ. Mo ti ṣe àkọ́kọ́, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe ìkejì.

Èkejì, ra fáìlì kan lónìí, kì í ṣe ní ìparí ọdún. Ìwé owó oṣù kọ̀ọ̀kan, kà á kí o tó fi í síbẹ̀. Wo ohun tí wọ́n yọ, kí o mọ orúkọ rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì, owó ètò ìlera, owó àkànṣe fún ilé kíkọ́ bí wọ́n bá ń yọ ọ́, owó ìdójútòfò ẹ̀mí bí o bá ń san án, irú wọn ni òfin máa ń jẹ́ kí wọ́n yọ kúrò kí owó orí tó dé. Rí i dájú pé wọ́n yọ wọ́n kúrò lóòótọ́. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti èésú, ti ìdá mẹ́wàá, ìyẹn wà láàárín ìwọ àti àwọn tí o ń san án fún. Mo mọ èyí nítorí pé lọ́dún kan, mo kó gbogbo káàdì ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì mi lọ bá àwọn agbowó orí. Òṣìṣẹ́ náà ní kí n kí àlùfáà fún òun.

Àṣìṣe kékeré lóṣooṣù kì í dun èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bí o bá rí i ní oṣù Kejì, sọ ọ́ ní oṣù Kejì.

Ti àwòrán ilé tí o ń yà fún àwọn kọ́ńtírakítọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ ńkọ́? O ní ilé iṣẹ́ kan san owó fún ọ, ó sì dín, wọ́n ní àwọn ti yọ owó orí. Wọ́n fún ọ ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti san án sí orúkọ rẹ? Bí wọn ò bá fún ọ, padà lọ gbà á. Ìwé yẹn ni wàá fi hàn nígbà tí o bá ń sọ gbogbo owó tó wọlé fún ọ, kí oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀ tó parí, kí wọ́n lè yọ ohun tí o ti san kúrò. Láìsí ìwé, o lè san owó orí kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó máa bá ọ sunkún. Má dúró de ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn o. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Mo ti tò rí láti àárọ̀ títí òjò fi pa wá nítorí ìwé tó ti wà nílé mi láti oṣù mẹ́jọ.

Bí owó ilé bá lé, bí o bá kó kúrò, bí ọkọ bá dé (ìyá rẹ ló ní kí n kọ ìyẹn, èmi ò sọ nǹkan kan), jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe owó oṣù rẹ gbọ́ nígbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Má sì fi ọ̀rọ̀ mi ṣe òfin. Òfin tí èmi mọ̀ ti di aṣọ àná. Àyè tí wọ́n ń kọ ọmọ sí tó dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé mi, mo gbọ́ pé kò sí nínú tiyín mọ́. Ohun tí kò yí padà ni pé ẹni tí kò béèrè kì í rí gbà.

Ìyá rẹ ti ka ìwé yìí láti ẹ̀yìn èjìká mi. Ó fẹ́ pe bàbá ìsàmì rẹ fúnra rẹ̀, kí ó bá ọ bẹ̀ ẹ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sàmì fún ọ, àlùfáà béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ, bàbá yẹn ló sì dáhùn gbogbo rẹ̀ lórúkọ rẹ, nítorí pé o ò tíì lè sọ̀rọ̀. O ti lè sọ̀rọ̀ báyìí.

Mo fi ìwé kan sínú àpò ìwé yìí. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ọjọ́ náà ni, ó ti pọ́n ní etí. Òun ni kí o kọ́kọ́ fi sínú fáìlì tuntun rẹ, kí ìwé mìíràn tó tẹ̀lé e. Wàá rí ìlà pẹ́ńsù lórí orúkọ àkọ́kọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ ti Bọ̀dé, ìyá rẹ fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Àyè iye ọmọ ṣì ṣófo. Má bá wa kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Tìrẹ nìkan ni kí o kọ, kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
tí ìyá rẹ ti dárí jì, ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.